Ààyè Kẹfà Lórí Pẹpẹ Ọkọ̀ Òfuurufú

Ìwé mẹ́fà ló sọnù, ààyè mẹ́fà ló sì ṣófo lórí pẹpẹ. Inspẹ́kítọ̀ Jẹ̀lílì kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ti báírò rẹ̀ bọ àpò. Lójú tirẹ̀, ìṣirò ti pé. Àsíátù Láwàlì nìkan ni kò tíì kúrò nídìí pẹpẹ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ojú pákó níbi tí eruku ọyẹ́ kò dé, níbi tí ìdí ìwé kọ̀ọ̀kan jókòó sí kí olè tó gbé e.

Yàrá ìkàwé kékeré kan ni, nílé Màmá Lois Bọ́lárìnwá ní Aké. Tíṣà jọ́gíráfì ni màmá yìí kó tó fẹ̀yìn tì, awakọ̀ òfuurufú sì ni ọkọ rẹ̀ tó ti kú láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ẹni tó bá ń wá ìwé àtijọ́ tó dára nípa ọkọ̀ òfuurufú àti àwọn tó ń wà á, yálà láti Ṣàgámù ló ti wá tàbí láti Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń júwe fún un. Màmá Lois kì í kàn ní kí èèyàn mú ìwé. Yóò kọ́kọ́ bi ọ́ irú ẹni tí o jẹ́, yóò bi ọ́ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù, kó tó sọ èyí tí wàá kà. Ó gbà pé ìwé dà bí bàtà, pé ti ẹnì kan kì í bá ẹlòmíì mu.

Ní ti Àsíátù, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe ọlọ́pàá olùwádìí kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lọ sí Mẹ́kà, ó sì di ojú nínú ọkọ̀ bàálù láti Ìkẹjà títí wọ́n fi balẹ̀ ní Jẹ́dà. Kò ka ìwé ọkọ̀ òfuurufú kankan rí. Bàṣírátù, aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú, ló wá bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ Jímọ̀ yẹn nítorí ọmọ rẹ̀, Ummulkulthum.

Ummulkulthum ló jókòó ti yàrá ìkàwé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, nígbà tí Màmá Lois lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni. Kò sí ìwé tó wà lórí pẹpẹ yẹn tí kò tíì kà, ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfuurufú kan sì ti gbà á wọlé fún oṣù tó ń bọ̀. Ó ní òun jáde lọ kírun Àlàásárì, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, nígbà tí òun sì dé, òun bá ààyè tó ṣófo lórí pẹpẹ. Ohun tó sọ fún ọlọ́pàá kò ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní kó ṣí fóònù rẹ̀ kí àwọn wò ó, ó ní òun kò ní ṣí i. Wọ́n dá a dúró. Bó bá di ọjọ́ Ajé, kóòtù ni, ilé ẹ̀kọ́ náà kò sì ní gba ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn.

"Alhaja, ẹni tí kò jalè kì í fi fóònù pamọ́," Jẹ̀lílì sọ. Abẹ́ Àsíátù ló ti kọ́ iṣẹ́, kò sì lè bá a sọ̀rọ̀ le.

"Ẹni tó jalè kì í fi pamọ́, Jẹ̀lílì. Yóò ti pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kẹ́ ẹ tó dé, yóò sì fi gbé e lé yín lọ́wọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín."

Inspẹ́kítọ̀ ní ẹlòmíì kan ṣì wà tí òun fura sí, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Yasir, tó ń ra ìwé àtijọ́ tó sì ń tà á ní Itori. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti wá bẹ Màmá Lois pé kó ta pẹpẹ náà fún òun, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni màmá sì lé e.

Wọ́n gba ọ̀nà Itori lọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí ìwé kún dé àjà ni wọ́n ti bá Yasir. Kò bínú sí wọn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wo fọ́tò pẹpẹ náà tí Jẹ̀lílì yà, ó wò ó títí, ó wá fi ìka kan ìwé tínrín kan tó ṣì dúró ní ìpẹ̀kun, tí kò sí orúkọ kankan lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹni tó kọ ìwé yìí ló fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lu ojú ewé àkọ́kọ́," ó wí. "Gbogbo mẹ́fà tẹ́ ẹ ń wá kò tó òun nìkan. Bó bá jẹ́ èmi ni mo wọlé, òun ni ǹ bá kọ́kọ́ mú."

Ó wá béèrè àwọn ìwé tó lọ. Àsíátù kà wọ́n fún un. Ọ̀kan dá lórí awakọ̀ tó ń gbé oògùn lọ sáwọn erékùṣù, òmíràn lórí obìnrin tó tún ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀ ṣe nínú yìnyín. Yasir ń mi orí sí wọn bí ẹni tí wọ́n ń dárúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún, títí wọ́n fi dé orí ìkẹfà, ìtàn ọmọbìnrin kan tó fi ọparun kan ọkọ̀ òfuurufú sẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀. Ó wá ṣíwọ́. Ó ní ìwé ọmọdé nìyẹn o, pé orúkọ rẹ̀ kò fi hàn pé ọ̀rọ̀ òfuurufú wà nínú rẹ̀, pé igi máńgòrò ni wọ́n yà sí ara rẹ̀. Òun tí òun ń tà á gan-an kì í tò ó mọ́ ìwé àwọn awakọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, Àsíátù ń rò ó títí wọ́n fi kọjá ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì. Olè yìí kò mọ ìwé, nítorí ó fi èyí tó níye lórí jù sílẹ̀. Síbẹ̀ ó mú ọ̀kan tí oníṣòwò ìwé fúnra rẹ̀ kò ní rò pé ó jẹ mọ́ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹnì kan ló sọ ọ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò jọ iṣẹ́ Ummulkulthum, ẹni tó ti ka gbogbo rẹ̀, tó sì mọ èyí tí wọ́n buwọ́ lù.

Nígbà tí wọ́n dé Aké, ìbéèrè kan ni Àsíátù kọ́kọ́ bi Màmá Lois: níbo ni ìwé ọmọbìnrin ọlọ́parun yẹn máa ń wà?

Màmá ní lórí pẹpẹ àwọn ọmọdé ni, nínú yàrá kejì. Ó ní Ọjọ́rú ni ẹni tó yá a dá a padà lẹ́yìn oṣù kan, tí èèpo rẹ̀ ti ya dànù, tí òun sì fi àdìrẹ bò ó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Ó dáa, Màmá. Bí ọ̀kan nínú mẹ́fà bá ti yàrá kejì lọ, márùn-ún ló yẹ kó kúrò lórí pẹpẹ yìí. Ààyè mẹ́fà ló wà níbẹ̀."

Jẹ̀lílì tún un kà. Mẹ́fà ni lóòótọ́. Ojú Màmá Lois ti ń ṣú láti ọdún kan, káàdì tó wà nínú àpótí ló fi ka ìwé tó sọnù, kì í ṣe ojú. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé pẹpẹ, ó sì ń fi ìka tọ ẹ̀yìn ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ fèrèsé. Nígbà tó dé ààyè kẹta, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wá a lọ sókè, ó wá a lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó.

Kò sí káàdì fún ìwé yẹn, ó wí, torí kì í ṣe ìwé tí wọ́n ń yá èèyàn. Ìwé àkọsílẹ̀ ìrìnàjò ọkọ òun ni, tí ọkọ náà fúnra rẹ̀ máa ń kọ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tó bá wa ọkọ̀. Ọdún 1984 ni ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ lé e, wọ́n ní ó mutí wá síbi iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ náà kò sí mọ́ lónìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n lé e, wọ́n ti kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ pa ní Ìkẹjà kó tó lè kó ẹrù rẹ̀, ìwé náà sì wà níbẹ̀. Akọ̀wé sítọ̀ọ̀ kan, ará Ọ̀fàdà, ló kó o pamọ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí akọ̀wé náà kú lọ́dún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ gbé e wá. Ojú Màmá Lois kò lè ka ìwé wínníwínní bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó kàn tò ó sáàárín àwọn ìwé awakọ̀ yòókù, torí níbẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Ó ní, "Ọkọ mi kò fẹnu kan ọtí rí láyé. Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ni. Síbẹ̀ níléèwé, Ọmọ Ọlọ́tí ni wọ́n ń pe Títílọlá, ọmọ mi."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Ummulkulthum wà lórí bẹ́ńṣì, búrẹ́dì tí Jẹ̀lílì rà fún un sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìfọwọ́kàn. Ó kúnlẹ̀ kí Àsíátù, ó sì jókòó padà. Àsíátù kò bi í léèrè ìwé mẹ́fà rárá.

"Ta lo sọ fún pé ìwé Kẹ́pítẹ́nì, ọkọ Màmá Lois, wà lórí pẹpẹ yẹn?"

Ọmọ náà wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. "Màmá ti mọ̀ pé ó lọ?"

"Ọwọ́ wọn ló fi mọ̀ ọ́n lónìí."

Ìgbà yẹn ni omi lé sí i lójú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó bọ́. Ó na ọwọ́ sí Inspẹ́kítọ̀, ó gba fóònù rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i, ó ṣí i, ó sì gbé e lé Àsíátù lọ́wọ́. Gbogbo ojú ewé ìwé Kẹ́pítẹ́nì ló wà níbẹ̀ ní fọ́tò. Ó ní ìgbà tí òun ń kà á láti mọ bí awakọ̀ ṣe ń ronú ni òun kan ojú ewé kan tó gba oorun lójú òun. Kẹ́pítẹ́nì Bọ́lárìnwá kọ ọ́ síbẹ̀ nínú oṣù Máàsì ọdún 1984 pé ẹ́ńjìnnì ọwọ́ òsì ń jo epo, pé ìgbà kẹta tí òun sọ ọ́ nìyí, pé òun kò ní gbé ọkọ̀ náà kúrò nílẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú báírò mìíràn, ẹnì kan kọ ọ́ pé òun ti rí i, ó sì buwọ́ lù ú: J. Túbọ̀sún.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n lé Kẹ́pítẹ́nì. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà fún ẹlòmíì. Ní ọjọ́ kẹrin, ọkọ̀ náà já sínú oko kan nítòsí Kọ́bapẹ́, èèyàn mẹ́ta sì kú. Jedidiah Túbọ̀sún, olórí àwọn ẹnjiníà nígbà náà, búra níwájú ìgbìmọ̀ tó wádìí ìjàǹbá náà pé ẹnikẹ́ni kò fi ẹjọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn sùn rí. Ó ti fẹ́ pé ẹni ọgọ́rin ọdún báyìí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ilé ìwé kan fẹ́ ṣí yàrá iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè.

Ummulkulthum kò lè sọ ọ́ fún Màmá Lois láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dá a lójú. Ó gba ilé Túbọ̀sún lọ ní Ìbarà, ó sì bi í bóyá òun ló buwọ́ lù ú. Bàbá náà fún un ní mọ́ọ̀tì mu, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó yìn ín fún ìwé kíkà, ó wá béèrè ibi tí ìwé náà wà kí òun lè wá wò ó. Ọmọ náà sì sọ ibẹ̀ fún un.

"Mo rò pé wọ́n máa tọrọ àforíjì ni," Ummulkulthum wí. "Èmi ni mo júwe ilé fólè. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu ọlọ́pàá ni Màmá á ti gbọ́ ọ."

Jẹ̀lílì fa Àsíátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ẹni ńlá ni bàbá yẹn, pé ẹni ọgọ́rin ọdún kò lè gun òkè Aké wá jí ìwé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, pé bó bá jẹ́ ti òun, kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀. Àsíátù ní òun kò sọ pé bàbá náà fúnra rẹ̀ ló wá. Ó ní bí ẹ̀rù bá ń bà á, kó jókòó ti búrẹ́dì.

Ohun kan ló kù tí Àsíátù ń wá, ó sì padà sí Aké lọ wá a. Màmá Lois ní ìwé nóòtù kan tó máa ń fi máákà kọ gàdàgbà-gàdàgbà sí: orúkọ ẹni tó wá, ìdí tó fi wá, àti àwọn ìwé tó júwe fún un. Kò sì júwe àwọn ìwé kan náà fún ẹni méjì rí. Àsíátù ṣí i láti ẹ̀yìn wá síwájú. Kò pẹ́ rárá tó fi rí i. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló tẹ̀ léra lójú ewé kan, ọmọbìnrin ọlọ́parun ló kẹ́yìn. Lókè rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: Péjú, fún bàbá rẹ̀ tó fẹ́ pé ọgọ́rin ọdún.

Màmá Lois rántí rẹ̀ dáadáa. Jímọ̀ tó kọjá ló wá, obìnrin onírẹ̀lẹ̀ kan tí kò ju ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta lọ. Kó tó lọ, ó béèrè bóyá ìwé awakọ̀ tiwa-n-tiwa kan wà níbẹ̀.

"Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé ìwé ọkọ mi lé e lọ́wọ́," Màmá Lois wí. Ó ní kí Àsíátù bá òun mú ọ̀pá òun, pé òun ń bá wọn lọ.

Wọ́n dé Ìbarà láàárọ̀ Sátidé. Jẹ̀lílì náà tẹ̀ lé wọn níkẹyìn, Àsíátù sì kìlọ̀ fún un pé omi nìkan ni kó mu. Jedidiah Túbọ̀sún jókòó sínú àga rẹ̀, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó tiẹ̀ pe Màmá Lois ní Ìyá Títílọlá, ó ní ó tọ́jọ́ mẹ́ta. Péjú, ọmọ rẹ̀, ló gbé omi wá.

Àsíátù ní àwọn kàn ń kí gbogbo ẹni tó dé yàrá ìkàwé láìpẹ́ yìí ni. Ó béèrè lọ́wọ́ Péjú bóyá ó rí àwọn ìwé tó ń wá fún bàbá rẹ̀. Péjú ní rárá, pé ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni òun dé ibẹ̀, òun da orúkọ wọn kọ, òun kò sì ráàyè padà lọ. Àsíátù mi orí. Ó sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀, pé ọkọ̀ bàálù ń ba òun lẹ́rù, pé òun kò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, pé ó wu òun kí òun bẹ̀rẹ̀ báyìí. Nínú mẹ́fà yẹn, èwo ni kí òun kọ́kọ́ kà?

Ara Péjú wálẹ̀. "Ti ọmọbìnrin ọlọ́parun," ó wí. "Èyí kékeré tí wọ́n fi àdìrẹ bò yẹn. Kò ní dẹ́rù bà yín."

Màmá Lois gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni mo fi àdìrẹ bò ó," ó wí. "Lọ́jọ́ tí o wá, kò sí nílé. Ọ̀dọ̀ ẹni tó yá a ló wà."

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú sí ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni àdìrẹ náà fi wà lórí pẹpẹ, ẹni mẹ́ta péré ló sì lè rí i: ẹni tó rán an, Ummulkulthum, àti ẹni tó gbé e lọ.

"Péjú, wọlé lọ," bàbá rẹ̀ wí.

Péjú kò wọlé. Ó jókòó sórí àga tó kángun sí Màmá Lois, ó sì ń sọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ilẹ̀ sọ ọ́. Ó ní bàbá òun sọ fún òun pé ọmọ kan fẹ́ fi ìwé irọ́ ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, pé kí òun gbé e wá kí àwọn lè wò ó. Òun dúró sínú mọ́tò títí ọmọ náà fi jáde lọ kírun. Òun mú ìwé mẹ́fà yòókù kí wọ́n lè rò pé olólùfẹ́ ìwé ló wọlé. Kò sí ẹni tó sọ fún òun pé wọ́n máa ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé.

Bàbá Túbọ̀sún kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé wọn fún wọn kí wọ́n máa lọ, pé kò sí ohun tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀ mọ́, torí òun ti ya ojú ewé yẹn, òun sì ti dáná sun ún. Bí ọmọ kan bá sì ní fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù, ta ni kò mọ̀ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè ya ohunkóhun sórí fóònù?

"Mo kà á, Dádì," Péjú wí. "Nínú mọ́tò, kí n tó gbé e fún yín. Mo mọ ìbuwọ́lùwé yín. Òun ló wà lórí gbogbo káàdì iléèwé mi. Bí wọ́n bá bi mí, màá sọ ọ́. Bí wọn ò bá tiẹ̀ bi mí, màá sọ ọ́."

Màmá Lois ti dìde. Láti bí ogójì ọdún, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá pàdé níbi òkú tàbí ìgbéyàwó, "ẹ" ló ń fún ọkùnrin yìí. Lọ́jọ́ yẹn kò fún un.

"Jedidiah, ọkọ mi kò mutí. O mọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, o mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin ín, o sì wá jókòó ní ìlà kejì. Wò mí lójú. Mi ò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ màá mọ̀ bí o bá gbé ojú kúrò."

Ó gbé ojú kúrò.

Kí agogo méjìlá tó lù, Péjú ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó ń sọ tẹnu rẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́. Ìwé méjèèje wà lórí tábìlì. Jẹ̀lílì sọ fún Ummulkulthum pé ó lè máa lọ, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọmọ náà kò dìde lórí bẹ́ńṣì. Ó ní wọ́n ti kọ orúkọ òun sínú ìwé ńlá wọn pé olè ni òun, òun kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi kọ ọ́ síbẹ̀ kan náà pé òun kò jalè. Jẹ̀lílì ní àwọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àsíátù ń wo òde ní tirẹ̀. Nígbà tó pẹ́, Jẹ̀lílì ṣí ìwé náà, ó sì kọ ọ́.

Màmá Lois ní kò tíì gbọ́dọ̀ pa ìwé náà dé. Ó ní kó kọ ti ọkọ òun náà sí i, níwọ̀n ìgbà tí ìwé rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n jí. Ó fi ara ti ọ̀pá rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tó ń pe dikitéṣọ̀n fáwọn ọmọ kíláàsì, ó ń dúró de báírò Jẹ̀lílì. Nígbà tó parí, ó ní kó ka ohun tó kọ sí òun létí.

Jẹ̀lílì kà á. "Kẹ́pítẹ́nì Bọ́lárìnwá kò mutí. Ó kọ̀ láti gbé ọkọ̀ tí kò dára kúrò nílẹ̀, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta."

"Tún un kà," Màmá Lois wí.

Inspẹ́kítọ̀ dìde nídìí tábìlì, ó sì tún un kà.